Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alákòóso Ilé Ìwòsàn Wa ní Ìkòròdú Lórí Oògùn Oṣù Mẹ́fà Tí Kò Ní Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin alákòóso, ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin apòògùn ilé ìwòsàn wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà síbí. Ẹ mọ ara yín, àwa tá a máa ń tò síwájú fèrèsé oògùn yín náà sì mọ̀ yín. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ fáyé kà ni pé mi ò rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe irú rẹ̀ ní ìlú yìí.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà ló bí lẹ́tà yìí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ní àrùn awọ ara tó ti pẹ́, tí dókítà ti kọ oògùn fún rí, lè mú káàdì rẹ̀ wá kó gba oògùn oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Kò di dandan kó rí dókítà. Kò di dandan kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àfi tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dúpẹ́, mi ò sì bá wọn jà. Owó rírí dókítà ti kúrò ńlẹ̀, owó láàbù ti kúrò ńlẹ̀, ìjókòó láti àárọ̀ kùtù títí oòrùn á fi kan àtàrí náà ti kúrò ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí ìwé yẹn ń sọ kì í ṣe oògùn orí fífọ́. Methotrexate ni, ciclosporin ni, azathioprine ni, prednisolone ni. Gbogbo wọn ló ń rẹ àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, méjì nínú wọn sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni mí ní iléèwé girama kan níbí, mo sì ní àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní sọráyásísì. Methotrexate ni mo ń lò báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Kí n tó rí oògùn tó bá mi lára mu, àwọn òbí kan ti lọ bá ọ̀gá iléèwé wa pé ṣé kì í ṣe adẹ́tẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ àwọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí tán tó wá ní mo ní kí àwọn èèyàn da oògùn wọn sí gọ́tà, irọ́ ló pa mọ́ mi.

1. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa.

Nínú àwọn àrùn bíi sọráyásísì àti àléfọ́ tó le, àwọn ọmọ ogun ara ló kọjú ìjà sí ara tó ni wọ́n. Awọ á pọ́n, á wú, á máa yún èèyàn tọ̀sán-tòru. Tí ìpara kò bá ká a mọ́, oògùn gbígbé mì tàbí abẹ́rẹ́ tó ń dín agbára àwọn ọmọ ogun náà kù ló kàn. Ó ń ṣiṣẹ́, mo jẹ́rìí sí i. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun kan náà ló ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ yapa di jẹjẹrẹ. Àwọn náà ló sì ń tẹ àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ti fi ara wa ṣelé mọ́lẹ̀: Epstein-Barr tó lè yọrí sí lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn, HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, HHV-8 tó ń fa jẹjẹrẹ Kaposi. Ẹni tó bá ní kí ọdẹ àdúgbò lọ sùn nítorí pé ó ń yìnbọn mọ́ ará ilé, kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ fún un pé gééètì ti ṣófo.

Àjọ IARC, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé WHO, ti ka azathioprine àti ciclosporin mọ́ ẹgbẹ́ 1, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ èèyàn. Sìgá wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Kí jìnnìjìnnì má bàa bo ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n yára fi kún un pé bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ẹgbẹ́ náà ń sọ, kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó. Ẹni tó ń lo azathioprine kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń fa páálí sìgá lójúmọ́. Methotrexate wà ní ẹgbẹ́ 3, níbi tí ẹ̀rí kò ti tó láti dá a lẹ́bi tàbí láti dá a láre. Síbẹ̀, nínú ìwádìí CIRT tó jáde ní 2019, tí wọ́n fi methotrexate díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wo àwọn alárùn ọkàn tí iye wọn lé ní 4,700, àwọn irú jẹjẹrẹ awọ ara kan pọ̀ lára àwọn tó lo oògùn náà ju lára àwọn tó lo hóró asán tí kò ní oògùn nínú lọ. Iye tó ní in kò pọ̀ rárá, àmọ́ kì í ṣe òdo.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, inú ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn ni mo ti kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, ní lẹ́tà wínníwínní. Ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bútẹ́ ńkọ́? Ẹ máa ń yọ oògùn tirẹ̀ kúrò nínú páálí, ẹ ó kà á sínú àpò ìwé funfun, ẹ ó fi báírò kọ nọ́ńbà sí i. Ìwé pélébé yẹn, inú garawa ìdọ̀tí yín ló ń lọ.

Lórí àpò ìwé funfun yẹn náà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún àrùn awọ ara. Ẹni tó bá ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú kí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tó yọjú rárá. Ẹ wá fẹ́ kó hóró oògùn oṣù mẹ́fà lé èèyàn lọ́wọ́ kó máa lọ sílé.

2. Gbèdéke tó wà lórí ciclosporin, ẹ kò ka á sí.

Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn alárùn sọráyásísì 1,252 tó lo ciclosporin, tí wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn fún ọdún márùn-ún. Jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n rí lára wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn ará ìlú tó kù. Àwọn tó lò ó ju ọdún méjì lọ ló fara gbá jù. Nítorí irú ẹ̀rí báyìí, àti nítorí pé oògùn náà ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé kí alárùn sọráyásísì má lò ó léraléra ju ọdún kan lọ. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà jẹ́ kó kọjá ọdún méjì.

Mo ti lo ciclosporin lọ́dọ̀ yín rí. Ó kọjá gbèdéke Amẹ́ríkà, ó kọjá ti Gẹ̀ẹ́sì. Lórí káàdì mi, òǹtẹ̀ kan náà ló ń tẹ̀lé òǹtẹ̀: "tún un fún un." Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni kọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó wá rọ́pò fún ìgbà díẹ̀ ló wo káàdì náà, tó wò mí, tó ní, "Màámi, ta ló ní kí ẹ ṣì máa lo eléyìí?" Òun ló yí mi sí methotrexate. Kò pẹ́ tó fi japa lọ sókè òkun bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ètò yín tuntun bá ti wà ńlẹ̀ nígbà náà ni, èmi àti ọmọ náà kì bá tí pàdé.

3. "Àrùn òyìnbó nìyẹn."

Èsì tí mo gbà lójú fèrèsé yín nígbà tí mo béèrè nìyẹn, àwọn tó dúró lẹ́yìn mi sì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì ń tanni jẹ.

Òótọ́ ni pé àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ awọ ara tí oòrùn ń fà kò wọ́pọ̀ láàárín àwa dúdú, nítorí dúdú tó wà nínú awọ wa ń gba ìtànṣán oòrùn sára. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ewu ńláńlá tí àwọn èèyàn máa ń kà nípa rẹ̀, ti àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ọkàn fún ni. Oògùn tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ, wọ́n ń pa á pọ̀, wọ́n sì ń lò ó títí ayé. A ò lè gbé nọ́ńbà tiwọn ka orí ẹni tó ń lo hóró methotrexate mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé awọ nìkan ni jẹjẹrẹ ń mú? Lymphoma kì í wo àwọ̀ ara. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ju ti àwọn obìnrin Yúróòpù lọ dáadáa, HPV ló sì ń fà á, HPV sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń gbérí tí ọmọ ogun ara bá ti rẹ̀. Kaposi, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wọ́pọ̀ jù, àwọn dókítà sì ti rí i lára àwọn tó lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́. Hepatitis B, tó ń yọrí sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pọ̀ ní Nàìjíríà, oògùn yìí sì lè jí i níbi tó sùn sí. Tí a bá fojú yìí wò ó, kí ló wá kù tó jẹ́ ti òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ náà?

Lórí awọ pàápàá, níbi tí oòrùn kì í dé ni tiwa ti máa ń jáde: àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, ojú àpá iná, ojú egbò tó ti pẹ́ tí kò jinná, abẹ́. Bob Marley kò lo irú oògùn wọ̀nyí, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ tó pa á ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó bá ń wo apá àti ojú nìkan fún aláwọ̀ dúdú, tó sì ní òun ti wo awọ rẹ̀, ibi tí kò sí ló ń wá a sí. Lọ́dọ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò tíì ní kí n bọ́ bàtà mi rí.

4. Ọ̀rọ̀ obìnrin àfín kan.

Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Àfín ni, ọjà ló ń tà ní gbangba ìta, ìgò àti ike lásán, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Àléfọ́ rẹ̀ le débi pé kò lè di ọwọ́. Ẹ kọ azathioprine fún un. Oògùn náà mú un lára yá, ọwọ́ rẹ̀ tún dì, inú gbogbo wa dùn.

Azathioprine ní ìwà kan tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù: ohun tó ń dà nínú ara máa ń wọ inú DNA sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń jẹ́ kí DNA náà máa gba UVA, ọ̀kan lára àwọn ìtànṣán oòrùn, èyí tí kì bá tí gbà tẹ́lẹ̀. Bí oòrùn bá ti kàn án, ìbàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn lára ẹni tó ní dúdú lára. Àfín kò ní i, oòrùn nìkan sì ti tó láti fa jẹjẹrẹ awọ fún àfín ní ilẹ̀ wa, láìsí oògùn kankan. Ẹ wá fún ẹni tó ń jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́ ní oògùn tó ń pe oòrùn wọlé, ẹ kò sì sọ ọ̀rọ̀ àkẹtẹ̀, ẹ kò sọ ọ̀rọ̀ aṣọ alápá gígùn, ẹ kò sọ ọ̀rọ̀ ìpara tó ń dènà oòrùn, ẹ kò béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe pàápàá.

Egbò kan jáde sí etí rẹ̀, kò jinná. Ó fi ìpara sí i títí. Ibòmíràn ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ọpẹ́ ni pé ó ṣì kéré, wọ́n sì gé e tán. Mi ò sọ pé oògùn yín ló fà á, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni tàbí òun kọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ń wá sójú fèrèsé yín déédéé ní gbogbo àsìkò tí egbò náà wà létí rẹ̀, láìsí pé ẹnì kan gbé ojú sókè wò ó.

5. Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú.

Èyí kò pẹ́ ṣàlàyé. Kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wọ̀nyí, ó yẹ kí wọ́n wo hepatitis B, HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí wọ́n wọn iye ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Obìnrin yẹ kó ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, kó sì máa tún un ṣe déédéé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí ìjọba gbé wọ orílẹ̀-èdè yìí ní October 2023, àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ló wà fún lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ methotrexate, ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ kó mú ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn. Láàárín àwa tá a jọ ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹnì kan tí ẹ ṣe gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí fún pé.

6. Ẹ̀rù náà lè pani, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣàlàyé.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Tí a bá dárúkọ jẹjẹrẹ, wọn á sá." Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2006, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ tí wọ́n fi ìlà dúdú yí ká sára tacrolimus àti pimecrolimus, ìpara méjì tí wọ́n ń fi pa àléfọ́. Ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fìdí ewu ńlá kankan múlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ti wọ àwọn òbí lára. Ní tiwa níbí, ẹni tó bá sá fún oògùn dókítà, ibo ló ń sá sí? Ọ̀dọ̀ ìpara alágbára tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, tí clobetasol wà nínú rẹ̀, tàbí ọ̀dọ̀ àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n rò sí i. Lára ẹni tó ti pẹ́ lórí prednisolone, dídá a dúró lójijì lè gbẹ̀mí onítọ̀hún, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe cortisol fúnra rẹ̀, ìyẹn èròjà ara tí oògùn náà ń ṣojú fún. Sọráyásísì tó le, tí a kò tọ́jú, òun fúnra rẹ̀ ń mú kí ewu lymphoma lọ sókè díẹ̀.

Gbogbo èyí ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ pọ̀, kó tó lè fi ọgbọ́n yàn. Kò ṣòro láti ṣàlàyé nọ́ńbà. Ẹ wo tofacitinib, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tuntun tí àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun ti ń béèrè lọ́wọ́ yín. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí àwọn alárùn oríkèé tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí wọ́n sì ní ohun tó lè ba ọkàn jẹ́ lára, bíi 42 nínú 1,000 ló ní jẹjẹrẹ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Láàárín àwọn tó lo irú oògùn mìíràn tí wọ́n fi wé e, bíi 29 nínú 1,000 ni. Torí ìyẹn ni FDA ṣe fi ìkìlọ̀ sára òun àti àwọn oògùn ìdílé rẹ̀ tí wọ́n ń fi wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní 2021, ìkìlọ̀ náà sì wà lára àwọn kan tí wọ́n ń fi wo àléfọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lè fi ẹ̀wà ka 42 àti 29 fún ara wọn. Ẹ kò lè sọ pé ìyá ẹlẹ́ja tó ń ṣírò èrè orí àwo ẹja kò ní yé e.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Kí ẹ ká ìwé ara ògiri yẹn kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má gba ju oògùn oṣù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun sì wà nínú fáìlì rẹ̀ kó tó gbà á. Ti methotrexate, kí ẹ kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọn ó máa lò ó sára rẹ̀ gàdàgbà, ní Yorùbá.

Kí ẹ kọ orúkọ oògùn, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iye tí à ń lò àti ọjọ́ tó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò sára káàdì wa. Kí apòògùn má tẹ òǹtẹ̀ sí ciclosporin tó ti lé lọ́dún kan láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

Kí ẹnì kan jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tuntun kó ṣàlàyé fún un ní èdè tó gbọ́. Kò di dandan kó jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì lè ṣe é. Ohun tó yẹ kó sọ kò pọ̀: àǹfààní oògùn, ewu rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó sáré gbé wá fún yín. Kókó lọ́rùn, abíyá tàbí abẹ́ tí kò lọ, egbò tí kò jinná lẹ́yìn oṣù kan, òógùn òru pẹ̀lú ara tó ń rù, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lábẹ́ obìnrin láìṣe nǹkan oṣù, àmì dúdú tuntun ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí dókítà wo gbogbo ara wa, bàtà ní bíbọ́. Àfín, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ẹ sì ronú oògùn mìíràn fún un kí ẹ tó na ọwọ́ sí azathioprine. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára yín lọ, kí ẹ kọ lẹ́tà fún un lọ sí ẹ̀ka awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. A mọ gósiló Mile 12, a ó fara dà á.

Lórí owó láàbù tó jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn ètò yín tuntun, a kò sọ pé kí ẹ ru ú nìkan. Ẹ bá láàbù tó wà nínú ọgbà yín sọ̀rọ̀, kí wọ́n pa àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín pọ̀ sí owó kan fún àwa tá a ń ṣe é ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àwa aláìsàn tá a jọ kọ orúkọ sí ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín ti gbà láti máa dá a ní àjọ lóṣooṣù, kí owó náà wà ńlẹ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. Iye tí ẹ bá fẹnu kò sí pẹ̀lú wọn là ń dúró dè, kí sáà ìwé tuntun tó wọlé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì kan tó ń gba oògùn lọ́dọ̀ yín,
Ìkòròdú.